Afẹ́fẹ́ Tí Mo Yọ Lọ́sàn-án

Ó ti rẹ̀ mí. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ má baà rò pé bàbá kan tí ara rẹ̀ yá gágá ló jókòó tó ń sọ ìtàn fún yín. Orúnkún mi ọ̀tún kì í ká tán mọ́. Ẹ̀yìn mi ń dùn mí tí mo bá jókòó, ó sì ń dùn mí tí mo bá dìde. Ogójì ọdún ó lé ni mo fi lóṣòó sí ẹ̀bá títì ní Akpakpa, ní Kútọnu, tí mò ń yọ táyà, tí mò ń lẹ̀ ẹ́, tí mò ń fún un ní afẹ́fẹ́. Èéfín ọkọ̀ tí mo ti fà símú, ẹ má bi mí.

Sẹ̀sílì, olùkọ́ yín ní kíláàsì ìsinmi tí wọ́n ti ń kọ́ yín láti ka Yorùbá ní Agblangandan, ló wá bá mi nílé. Ó ní ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ parí ilé ẹ̀kọ́ ń ronú irú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, pé kí àwa àgbà Nàgó kọ bí a ṣe ṣe iṣẹ́ tiwa sílẹ̀.

Mo ní, "Sẹ̀sílì, ta ló fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ táyà?"

Ó ní, "Fòfó Ràímì, ọ̀dọ̀ bàbá mi lẹ ti kọ́ṣẹ́. Tí ẹ̀yin ò bá kọ ọ́, ta ló máa kọ ọ́?"

Fòfó ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin níbí, bẹ́ẹ̀ ló sì ti ń pè mí láti kékeré. Mo ní màá kọ ọ́. Ìdí tí mo fi gbà wà nísàlẹ̀, ẹ máa dé ibẹ̀.

Bí mo ṣe débi iṣẹ́ náà kò gùn. Bàbá mi kú ní Pobè, ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú mi wá sí Kútọnu, wọ́n fi mí sọ́dọ̀ Pàtírọ̀n Akànbí, bàbá Sẹ̀sílì (pàtírọ̀n là ń pe ọ̀gá iṣẹ́), ọmọ Ṣakété, tó ní ṣọ́ọ̀bù táyà lójú ọ̀nà tó lọ sí Àjàṣẹ́. Ọ̀rọ̀ owó kò sí nínú rẹ̀. Oúnjẹ wà, ẹní wà, iṣẹ́ wà, ó tán.

Pàtírọ̀n Akànbí kì í na ọmọ, kì í sì í pariwo. Ó ga, ó tín-ínrín, ó máa ń ti ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ pa àfi bí ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n lílekoko rẹ̀ kọjá ti àwọn tó ń na ọmọ. Odindi ọdún kan, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan mánò. Mánò ni ohun èlò olójú bíi aago tí a ń tì bọ ẹnu fáàfù láti mọ bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe pọ̀ tó. Kílò la fi ń kà á ní Kútọnu: kílò méjì, kílò mẹ́ta ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Pàtírọ̀n ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá mọ táyà, mánò kò lè ràn án lọ́wọ́.

Nítorí náà, láràárọ̀, kí oòrùn tó kan ṣọ́ọ̀bù, màá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé táyà kọ̀ọ̀kan tó wà nílẹ̀, màá tẹ̀ ẹ́, màá fi ìkúùkù gbá a, màá tẹ́tí sí ohùn rẹ̀.

Pàtírọ̀n á bèèrè pé, "Kílò mélòó?"

Màá ní, "Mẹ́ta."

"Gbígbóná ni àbí tútù?"

"Tútù ni, Pàtírọ̀n."

Lẹ́yìn náà ni yóò wá fi mánò wò ó. Tí mo bá fi ìdajì kílò ṣìnà, èmi ni màá máa fi ọwọ́ fa pọ́ǹpù títí ilẹ̀ á fi ṣú, torí a ò tíì ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ nígbà náà. Èjìká mi kò jẹ́ kí n gbàgbé pọ́ǹpù yẹn títí dòní. Mo kórìíra rẹ̀, mo sì kórìíra ìbéèrè yẹn, "Gbígbóná ni àbí tútù?" Kò sí ìgbà tí mo dárúkọ kílò fún un tí kò bi mí bẹ́ẹ̀, kódà lásìkò ọyẹ́ tí gbogbo ayé tutù.

Ìbéèrè méjì mìíràn tún wà tó máa ń bi awakọ̀ kí a tó fọwọ́ kan ọkọ̀ rẹ̀: "Kí lẹ gbé? Ibo lẹ̀ ń lọ?" Inú máa ń bí àwọn awakọ̀. Wọ́n á ní, "Àbí ẹ ti di duwáànì tó ń yẹ ẹrù wò lẹ́nu bodè ni?" Pàtírọ̀n kò ní rẹ́rìn-ín. Yóò dúró títí wọ́n á fi dáhùn.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń wá sọ́dọ̀ wa jẹ́ bàṣé, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí iwájú wọn kéré bíi ti ọkọ̀ ilé, tí ẹ̀yìn wọn wá ṣí sílẹ̀ fún ẹrù. Àwọn kan nínú wọn lágbára gan-an, wọ́n á tún fi irin kún irin ìdí wọn kí wọ́n lè gbé ju bó ṣe yẹ lọ. Táyà iwájú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní kílò tirẹ̀, tẹ̀yìn ní tirẹ̀. Tẹ̀yìn gan-an, ti òfìfo yàtọ̀ sí ti ìgbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ṣófo tí o wá fún ẹ̀yìn rẹ̀ ní kílò ẹrù, yóò máa tọ pọ́ún-pọ́ún lójú ọ̀nà, bíréèkì rẹ̀ kò sì ní mú dáadáa. Tí ẹrù bá wà níbẹ̀ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀, á máa nà, á máa tẹ̀, á máa nà, títí inú rẹ̀ á fi jóná láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Ìyẹn ló burú jù nínú méjèèjì. Ìdí nìyí tí Pàtírọ̀n fi ń bèèrè ẹrù.

Gbígbóná àti tútù ńkọ́? Táyà tó bá ti rìn jìnnà máa ń gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sì fẹ̀. Mánò á máa fi hàn pé ó ti pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ jù, ooru ló ń ṣe é. Pàtírọ̀n ní irọ́ ni táyà gbígbóná ń pa, kí a má dá a lóhùn. Àárọ̀, nígbà tó bá tutù, ni kí a wọ̀n ọ́n.

Ṣùgbọ́n gbogbo ṣọ́ọ̀bù yòókù lójú ọ̀nà yẹn ló ń dá a lóhùn. Tó bá ti di ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn awakọ̀ á yà lọ́sàn-án gangan, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kó mí díẹ̀." Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí a yọ nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀ kí ooru má baà bẹ́ ẹ. Gbogbo ènìyàn ló gbà á gbọ́. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí táyà mí, wọ́n á ní ìkà ni. Pàtírọ̀n nìkan ni kì í ṣe é, a sì ń pàdánù oníbàárà nítorí rẹ̀.

Wàsíù wà lára àwọn oníbàárà tí kò fi wá sílẹ̀. Ẹgbẹ́ mi ni, awakọ̀ ni, ó ń fi bàṣé ńlá kan kó ẹja inú yìnyín láti ebúté Kútọnu lọ sí Pobè. Aláwàdà ni. Tó bá ń bọ̀ láti ìlú wa, ó máa ń bá mi mú ẹ̀kọ bọ̀, a ó jọ jókòó jẹ ẹ́ lórí táyà tó ti gbó.

Nígbà tó ku oṣù méjì kí Pàtírọ̀n dá mi sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, ẹnì kan ṣaláìsí nínú ìdílé rẹ̀ ní Ṣakété. Ó lọ láàárọ̀, ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún èmi nìkan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó ní, "Ràímì, ọ̀la ni màá dé. Má ṣe ohun tí mi ò ní ṣe." Mo ní mo ti gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, oòrùn mú débi pé ọ̀dà títì ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Wàsíù yà. Ó ti kọ́kọ́ fi ọkọ̀ náà ná Àjàṣẹ́ ní àlọ àti àbọ̀ láàárọ̀, ó padà wá kó ẹja ní ebúté, ẹrù ti kún dé òkè, omi yìnyín sì ń kán sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀.

Ó ní, "Ràímì, ẹ̀yìn gbóná. Jẹ́ kó mí."

Mo ní, "Pàtírọ̀n ò sí nílé. O sì mọ̀ pé kì í ṣe é."

"Ṣé Pàtírọ̀n ló máa wà á ni? Wo oòrùn. Wo yìnyín tó ń yọ́. Gbogbo wọn ló ń ṣe é, ìwọ nìkan lo máa mọ̀ ọ́n jù?"

Mo ti mánò bọ ẹnu fáàfù. Kílò márùn-ún ó lé díẹ̀. Táyà náà gbóná débi pé mi ò lè gbé ọwọ́ lé e pẹ́. Mo mọ̀ pé mẹ́rin ààbọ̀ la fún un láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú, nígbà tó tutù, pé ohun tó sì yẹ ẹrù rẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Mo mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Ràímì kò mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rẹ́ mi ló dúró níwájú mi, ó sì wù mí kí n ṣe bí ọ̀gá.

Mo tẹ fáàfù. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́ sí mi lójú. Mo yọ ọ́ títí ó fi ku kílò mẹ́rin, mo ṣe èkejì bákan náà. Wàsíù gbá mi lẹ́yìn, ó ní, "O ṣé o, Pàtírọ̀n Ràímì." Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ọkọ̀ náà kọjá lọ.

Nírọ̀lẹ́, ọlọ́kadà kan tó ń ti Àjàṣẹ́ bọ̀ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní bàṣé ẹlẹ́ja kan ti dojú dé ní ọ̀nà Ṣakété. Táyà ẹ̀yìn ló bẹ́. Ẹja fọ́n ká gbogbo títì, àwọn ènìyàn ń ṣà á. Wọ́n fa awakọ̀ yọ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún Wàsíù nísàlẹ̀ orúnkún ní ọsibítù.

Nígbà tí Pàtírọ̀n fi máa dé lọ́jọ́ kejì, àwọn awakọ̀ ti gbé táyà tó bẹ́ náà wá, wọ́n jù ú sílẹ̀ lójúde wa. Wọ́n tó mẹ́wàá. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó fọwọ́ kàn án. Pàtírọ̀n kò kí ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ inú táyà, ó fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká, ó sì mú ọwọ́ jáde. Lẹ́búlẹ́bú dúdú ló bò ó. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré lábẹ́ ẹrù ló máa ń lọ̀ lúbúlúbú nínú bẹ́ẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Kò wò mí pẹ́.

Ó ní, "Èmi ni. Mo fún un lafẹ́fẹ́ lánàá kí n tó lọ sí Ṣakété. Mo fún un kéré jù."

Ariwo ta. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó pè mí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

"Kílò mélòó lo fi sílẹ̀?"

"Mẹ́rin."

"Gbígbóná ni àbí tútù?"

"Gbígbóná, Pàtírọ̀n."

Ó bu omi, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ sọ òótọ́ fún wọn.

Ó ní, "Oṣù méjì ló kù kí n dá ẹ sílẹ̀. Tí wọ́n bá mọ̀ pé ìwọ ni, kò sí awakọ̀ tó máa jẹ́ kí o fọwọ́ kan táyà rẹ̀ mọ́ láyé rẹ. Ọdún márùn-ún tí mo fi kọ́ ẹ á wá lọ lásán. Èmi ti jẹun pẹ́ nídìí rẹ̀. Dákẹ́."

Mo dákẹ́. Kí n má parọ́ fún yín, inú mi dùn pé ó ní kí n dákẹ́. Ìtìjú rẹ̀ ṣì ń mú mi.

Wàsíù náà kò sọ nǹkan kan nígbà tó jáde ní ọsibítù. Àwọn awakọ̀ pa ṣọ́ọ̀bù wa tì. Wọ́n ń pè é ní "ọ̀dọ̀ agẹ́sẹ̀," àwọn ọmọdé gbọ́ ọ, àwọn náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Pàtírọ̀n dá mi sílẹ̀ lóṣù kejì bó ṣe ṣèlérí, ó gbé mánò rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó súre fún mi. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní òdìkejì ọ̀nà, gbogbo awakọ̀ tó sá fún un sì wá sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní ọwọ́ mi dára. Pàtírọ̀n ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ ọmọléwé títí tó fi kú. Mo máa ń rí i láti ibi tí mo wà, á nawọ́ kí mi, èmi náà á nawọ́ kí i. Níbi ìsìnkú rẹ̀, kò sí awakọ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Iṣẹ́ náà ti yí padà. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ dé, pọ́ǹpù ọwọ́ di ohun àtijọ́. Rọ́bà inú táyà kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn bàṣé gàgàrà dé sí ebúté láti Amẹ́ríkà, àwọn tí táyà wọn ga dé ìdí ọmọ ènìyàn, tí wọ́n fi pọ́n-ùn ka afẹ́fẹ́ wọn. Pọ́n-ùn mẹ́rìnlá ó lé díẹ̀ ló wà nínú kílò kan. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí báyìí á ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, wọ́n á ní iye tí ó ń fẹ́ nìyẹn. Rárá o. Ibi tí agbára táyà náà pin sí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ohun tí ọkọ̀ fẹ́ wà lára bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibi tí ilẹ̀kùn awakọ̀ ti ń pa dé, iwájú lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fi bó. Mánò tiwọn ń tan iná, ó ń kọ nọ́ńbà bíi fóònù, síbẹ̀ kò sí èyí tó máa ń bèèrè bóyá táyà gbóná tàbí ó tutù.

Èmi kò yọ afẹ́fẹ́ nínú táyà gbígbóná mọ́ láti ọjọ́ náà. "Jẹ́ kó mí," màá ní rárá. Wọ́n ń bú mi ní ahun afẹ́fẹ́. Mo gbà.

Nígbà tí Sẹ̀sílì ní kí n kọ̀wé yìí, mo kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Wàsíù. Agblangandan níbí náà ló ń gbé. Ó ń ta epo inú ìgò níwájú ilé rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ a máa fara ti ògiri. Láti ìgbà yẹn, kíkí nìkan là ń kí ara wa. Mo jókòó tì í, mo sọ ohun tí mo fẹ́ kọ.

Ó ní, "Mo rò pé ìwọ lò ń bò mí láṣìírí. Èmi ni mo ní kí o yọ ọ́. Tí ẹni tó ni ọkọ̀ bá gbọ́ nígbà yẹn, mo gbé. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún mi ní ọsibítù pé Akànbí ní òun ni, mo kọjú sí ògiri."

Mo ní, "Ṣé kí n kọ ọ́?"

Ó ní, "Kọ ọ́. Kọ tèmi náà sí i. Ó ti rẹ èmi náà."

Mo rò pé ibí ni ìwé yìí máa parí sí. Ṣùgbọ́n Sẹ̀sílì ti kà á, mo sì gbọ́dọ̀ fi èyí tó kù kún un.

Orí àga gbọọrọ iwájú ilé mi ló ti kà á, láàárọ̀. Èmi ń wo ọwọ́ mi. Nígbà tó parí, ó padà sí ojú ìwé kan, ó fi ìka sí i.

Ó ní, "Kílò mẹ́rin yìí. Gbígbóná ni àbí tútù?"

Kò sẹ́ni tó ti bi mí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Mo ní, "Gbígbóná ni."

Ó sunkún, kò pariwo. Ó ní, "Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn. Tí mo bá ń lọ sílé ìwé tí mo rí Fòfó Wàsíù lókèèrè, màá gba òdìkejì ọ̀nà, torí mi ò lè wo ẹsẹ̀ tí bàbá mi gé. Bàbá mi rí mi lọ́jọ́ kan tí mò ń sá. Kò sọ nǹkan kan." Ó nu ojú rẹ̀. "Inú ń bí mi sí yín, Fòfó. Ó máa pẹ́ kó tó tán."

Mo ní mo mọ̀.

Ó ní òun kò ní bá mi kà á fún yín. Ó ní kí n wá kà á fúnra mi, kí n sì mú Wàsíù dání. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé arúgbó méjì lẹ rí níwájú yín lónìí, tí èmi ń ka ìwé, tí òun gbé ọ̀pá rẹ̀ lé itan. Ẹ̀yin tó bá wù yín, ẹ ṣe iṣẹ́ táyà. Iṣẹ́ gidi ni, á sì jẹ orúnkún yín. Mi ò ní ìmọ̀ràn mìíràn.

Orúkọ tí Sẹ̀sílì kọ sójú pátákó yẹn, orúkọ ọ̀gá mi ni. Kò gé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kà á sókè.